Bí Ìpè Kò Bá Wọlé, Kò Sí Ohun Tó Dé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Teleportation Kúáńtọ̀mù

(Ọ̀rọ̀ ẹnu ni eléyìí kó tó di kíkọ. Mo ti yọ díẹ̀ kúrò nínú àwítúnwí mi, ṣùgbọ́n mo fi ìjà ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.)

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá àwọn oníròyìn rò. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ físíìsì tún ti ṣe teleportation, àkọlé kan náà ni wọ́n máa ń gbé jáde: nǹkan pòórá níbí, ó yọ lọ́hùn-ún, ó sì yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sọ yẹn, kò sì sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀. Kò sí ohun tó pòórá: átọ́ọ̀mù tó wà níbí ṣì wà níbí. Kò sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́hùn-ún: átọ́ọ̀mù tó máa gba iṣẹ́ náà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti pé ó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe gbà láti wá síbí, ẹ óò sì rí i pé mi ò ní yéé padà síbẹ̀.

Kí ló wá rìn? Ipò ni. Bí nǹkan ṣe wà ló rìn, nǹkan ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Ẹ ya ọfà kan sórí bébà yín. Nǹkan kékeré tó ń tẹ̀ lé òfin kúáńtọ̀mù, ì báà jẹ́ fótọ́ọ̀nù kan (ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo), ì báà jẹ́ átọ́ọ̀mù kan, a lè fi ọfà ṣàpèjúwe ipò rẹ̀. Kúbíìtì là ń pè é. Ọfà náà lè kọjú sókè, ó lè kọjú sísàlẹ̀, ó lè dà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè wà níbikíbi láàárín wọn. Bíìtì inú kọ̀ǹpútà yín kò ju òdo tàbí ení lọ. Ibi tí ọfà yìí lè kọjú sí kò lóǹkà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ẹ ò lè bi ọfà náà pé "níbo lo kọjú sí?" kó sì dá yín lóhùn. Ìbéèrè tó máa gbà lọ́wọ́ yín kò ju "òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" lọ. Ẹ lè yan ìhà tó bá wù yín kí ẹ fi ṣe òkè, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa fi dá yín lóhùn. Tó bá sì ti dáhùn tán, ó ti yí padà. Bó bá ní "òkè", òkè náà ló máa wà láti ìgbà yẹn lọ, ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ti parẹ́ ráúráú. Ẹ ò ní rí i bi léèkejì.

Ọlọ́gbọ́n kan á ní: ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ bẹẹrẹ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ìyẹn kí ẹ tó bi í. Ọgbọ́n yẹn dáa, kò kàn ṣeé ṣe ni. Lọ́dún 1982, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Wootters àti Zurek, fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ẹ̀dà ipò kúáńtọ̀mù tí a kò mọ̀. Dieks náà dá fi hàn lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ gbé ẹ̀rọ kan wá tó lè ṣe ẹ̀dà ọfà òkè láìṣìṣe, tó sì lè ṣe ẹ̀dà ọfà ìsàlẹ̀ láìṣìṣe. Ẹ wá ki ọfà tó dà sí ẹ̀gbẹ́ bọ̀ ọ́. Dípò kó fún yín ní ọfà ẹ̀gbẹ́ méjì, méjì tó so mọ́ ara wọn ló máa pọ̀ jáde, tí ìkankan nínú wọn kò ní ojú tó kọ sí mọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́. Ìṣirò kúáńtọ̀mù fúnra ẹ̀ ni kò gba nǹkan míì láyè.

Ìtàn kan wà ńbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Herbert ló kọ̀wé pé òun ti rí ọ̀nà tí a lè gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ìwé náà fún Asher Peres, onímọ̀ físíìsì, pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Peres mọ̀ pé irọ́ wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí ó dá a lójú pé àwọn tó bá ń wá ibi tí irọ́ náà wà máa rí nǹkan gidi he. Wọ́n sì rí i: pé kò sí ẹ̀dà ṣíṣe. Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bínú sí àwọn tó ń yẹ̀wé wò! Ní 1993, Peres yìí kan náà àti Wootters yẹn kan náà wà lára àwọn mẹ́fà tó gbé teleportation kalẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó kù ni Bennett, Brassard, Crépeau àti Jozsa.

Ìṣòro tó wà níwájú wọn nìyí. Ọfà kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò mọ ibi tó kọjú sí, ẹ ò lè bi í, ẹ ò sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókèèrè. Ẹ lè fi fótọ́ọ̀nù náà sínú wáyà gíláàsì kó máa lọ, ṣùgbọ́n gíláàsì a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ti íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń gbé ẹ̀rọ sójú ọ̀nà láti fún ìmọ́lẹ̀ tó ti rẹ̀ lágbára, àmọ́ ẹ̀dà ṣíṣe ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn, a sì ti rí i pé kò sí ìyẹn níbí.

Inú ìwé àwọn onímọ̀, Alice ló máa ń fi ránṣẹ́, Bob ló máa ń gbà á. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti sú mi. Àdìó àti Bísí ni màá lò.

Kí Àdìó àti Bísí tó pínyà, wọ́n ti pín fótọ́ọ̀nù méjì tó so mọ́ ara wọn, kálukú mú ọ̀kan. Einstein, Podolsky àti Rosen ló kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ irú ìsopọ̀ yìí síta lọ́dún 1935, inú wọn ò sì dùn sí i. Nínú irú tí mo fẹ́ lò, ìkankan nínú àwọn méjèèjì kò ní ọfà tirẹ̀. Ohun tó wà kò ju àdéhùn lọ: ìhà yòówù kí ẹ bi wọ́n sí, bí ọ̀kan bá ní "òkè", èkejì á ní "ìsàlẹ̀".

Àwọn olùkọ́ kan á ní kò ju bàtà méjì nínú páálí méjì lọ: ẹni tó bá ṣí páálí tirẹ̀ tó rí ti ọ̀tún ti mọ̀ pé ti òsì ló wà lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jáwọ́. Bàtà ti jẹ́ ti ọ̀tún látìgbà tí wọ́n ti dì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka iṣẹ́ John Bell ti 1964, onímọ̀ físíìsì tó fi hàn pé ìdánwò lè ya ìsopọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti bàtà, ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ yẹn ti tán. Eré kan wà tí wọ́n máa ń fi dán an wò: ẹni méjì tí kò lè bára wọn sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ti dì í bíi bàtà, wọn ò lè jẹ ju ìdá 75 nínú 100 lọ, bó ti wù kí wọ́n gbọ́n tó. Àwọn tó ní ìsopọ̀ kúáńtọ̀mù lọ́wọ́ lè jẹ tó ìdá 85. Clauser, Aspect àti Zeilinger gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní 2022, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ó kan Àdìó. Nǹkan méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀: ọfà tó fẹ́ fi ránṣẹ́, àti fótọ́ọ̀nù tirẹ̀ nínú méjì tó so pọ̀. Kò ní bi ọfà náà ní ohunkóhun nípa ara ẹ̀, torí tó bá bi í, ó ti bà á jẹ́. Àwọn méjèèjì ló máa pa pọ̀ bi ní ìbéèrè kan: "Kí lẹ jẹ́ sí ara yín?" Mẹ́rin ni ìdáhùn tó lè wá. Gbogbo àṣírí iṣẹ́ yìí wà níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra. Ìdáhùn náà kò sọ ohun kan fún Àdìó nípa ibi tí ọfà kọjú sí. Bó kọjú sókè o, bó kọjú sísàlẹ̀ o, bó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ o, ìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti jáde. Nítorí pé Àdìó ò rí nǹkan kan mọ̀ nípa ọfà náà, kò bà á jẹ́.

Àmọ́ fótọ́ọ̀nù ọwọ́ Bísí ti ní àdéhùn pẹ̀lú fótọ́ọ̀nù ọwọ́ Àdìó. Àdìó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ so fótọ́ọ̀nù tirẹ̀ mọ́ ọfà. Ìsopọ̀ tó wà láàárín òun àti Bísí já, ọfà náà sì bọ́ sọ́dọ̀ Bísí, ṣùgbọ́n ó lè ti yí po. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, pé "a lòdì sí ara wa", ọfà Bísí pé pérépéré, torí fótọ́ọ̀nù Bísí náà lòdì sí èyí tó lòdì sí ọfà. Bó bá jẹ́ ìkan nínú mẹ́ta tó kù, ọfà náà ti yí po ní ìdajì òbírí, bóyá lórí ọ̀pá tó lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, bóyá lórí ọ̀pá tó lọ láti òsì sí ọ̀tún, bóyá lórí èyí tó lọ láti iwájú sẹ́yìn. Bísí ò mọ èwo. Àdìó ló mọ̀ ọ́n.

Àdìó gbé fóònù. Ó sọ nọ́ńbà méjì: "òdo, òdo", tàbí "òdo, ení", tàbí "ení, òdo", tàbí "ení, ení". Bíìtì méjì péré. Bísí gbọ́, ó yí ọfà padà bó ṣe yẹ, tàbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọfà Àdìó ti dé. Lọ́wọ́ Àdìó, kò sí ohunkóhun tó kù nínú rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Òfin tó ní kò sí ẹ̀dà ṣì dúró.

Ibí yìí ni ọmọbìnrin kan láàárín gbọ̀ngàn ti nawọ́. Mo ní kó ní sùúrù, ó ní ọ̀rọ̀ náà ò gba sùúrù. (Ẹ̀rín.) Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, Bísí ò ní ṣe nǹkan kan. Ó túmọ̀ sí pé ọfà náà ti pé sọ́wọ́ ẹ̀ kí fóònù tó dún. Ṣé kì í ṣe pé lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, ó ti yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ?"

Mo pa àwòrán tí mo fẹ́ fi hàn tẹ̀ lé e tì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni kò tíì ronú dé ibi tí ọmọbìnrin yìí dé, wọ́n kàn ń pariwo ni. Ẹ jẹ́ ká jókòó sí ipò Bísí.

Ká ní Àdìó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "òkè" ni "bẹ́ẹ̀ ni", "ìsàlẹ̀" ni "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ó fẹ́ sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", nítorí náà, ó fi 1000 ọfà ránṣẹ́, gbogbo wọn kọjú sókè. Ó tò ó, ó wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò pe Bísí. Nǹkan bí 250 nínú ẹ̀ máa pé pérépéré: òkè. Nǹkan bí 250 máa yí po lórí ọ̀pá ìsàlẹ̀-sókè: ọfà tó kọjú sókè tí ẹ bá yí i lórí ọ̀pá yẹn, òkè náà ló ṣì kọjú sí. 250 yí lórí ọ̀pá òsì-sí-ọ̀tún: ó di ìsàlẹ̀. 250 tó kù yí lórí ọ̀pá iwájú-sẹ́yìn: ìsàlẹ̀ náà ni. Bísí wọ̀n wọ́n: 500 òkè, 500 ìsàlẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí Àdìó sọ pé "bẹ́ẹ̀ kọ́", kó fi 1000 ọfà ìsàlẹ̀ ránṣẹ́. Bísí á tún rí 500 òkè, 500 ìsàlẹ̀. Kí ni Àdìó wá sọ?

Mo fi kọ sójú pátákó fún àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta dúró fún ibi tí ọfà kọjú sí: a, b, c. Láìyí, ó jẹ́ (a, b, c). Yíyí mẹ́ta tó kù á sọ ọ́ di (a, −b, −c), (−a, b, −c) àti (−a, −b, c). Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. A méjì pẹ̀lú, a méjì dín: òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni b, bẹ́ẹ̀ náà ni c. Ọfà yòówù tí Àdìó ì báà fi ránṣẹ́, òdo ni. Ká tiẹ̀ ní Àdìó sùn lọ ni, tí kò wọn ohunkóhun, ohun kan náà ni Bísí máa rí.

Lóòótọ́, ọ̀kan nínú mẹ́rin pé lọ́wọ́ Bísí. Ṣùgbọ́n èwo ni? Kò sí ìwọ̀n kan láyé tí Bísí lè wọ̀n tó máa fi yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó kù. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kí ìpè tó wọlé, kó sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ìpè ọ̀hún ńkọ́? Orí rédíò tàbí inú wáyà ló ń gbà, kò sì lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo òdìkejì ẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ló máa ń ya èmi lẹ́nu. Ká ní amí kan ń tẹ́tí sí gbogbo ohun tí Àdìó ń sọ lórí fóònù. Òdo àti ení ló máa gbọ́, kò sì ní rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀ nípa ọfà, torí a ti sọ pé ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò mọ ọfà rí. Ìpè náà kò gbé ọfà. Ohun tó wà lọ́wọ́ Bísí kí ìpè tó dé kò wúlò fún un. Fi méjèèjì pọ̀, odindi ọfà yọ, pẹ̀lú gbogbo ibi àìlóǹkà tó lè kọjú sí. Ọdún 1993 ni wọ́n ti kọ èyí sílẹ̀, bíi pé wọ́n ń wo ojú àwọn oníròyìn: àkọlé ìwé wọn fúnra ẹ̀ dárúkọ ọ̀nà méjì, ti ìsopọ̀ àti ti ìròyìn lásán.

Alága ti gbé bébà sókè pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Ó yá, ìtàn ìdánwò, kíákíá.

Ní 1997, àwọn Bouwmeester àti Zeilinger ṣe é ní Innsbruck, ní Austria. Wọ́n fi lésà gbá òkúta kan tó ń la fótọ́ọ̀nù kan sí méjì tó so pọ̀. Dígí dá ìmọ́lẹ̀ lésà náà padà, ó tún gba inú òkúta náà kọjá, méjì míì jáde. Ọ̀kan nínú méjì kejì ni wọ́n ṣe ní ọfà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Wọ́n jẹ́ kó pàdé fótọ́ọ̀nù Àdìó lójú dígí tó ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, tó ń dá ìdajì padà. Bí ẹ̀rọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dígí náà bá dún pọ̀, ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tí kò nílò àtúnṣe. Àwọn mẹ́ta tó kù, wọn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà náà, nítorí náà wọ́n ń kà á nìkan nígbà tí àkọ́kọ́ bá jáde. Àwọn kan bá wọn jà pé ìyẹn ò tíì pé. Ẹjọ́ wọn ní ìdí, àmọ́ èmi ò ní bá wọn dá sí i: ẹni tó kọ́kọ́ gun òkè kì í sábà rí àtẹ̀gùn.

Ní 2004, ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Innsbruck, ọ̀kan ní NIST, ilé ìwádìí ìjọba ní Amẹ́ríkà, ṣe é pẹ̀lú átọ́ọ̀mù. Ní 2012, wọ́n ṣe é láti erékùṣù La Palma sí erékùṣù Tenerife, 143 kìlómítà lórí òkun. Ní 2017, àwọn ará Ṣáínà láti òkè Tibet sí sátẹ́láìtì Micius, tó 1400 kìlómítà. Kìlómítà yìí làwọn oníròyìn ń kà. Ohun tí èmi kà ní ti 2012 ni pé ìròyìn àbájáde Àdìó wọnú ẹ̀rọ Bísí, ẹ̀rọ náà sì yí ọfà padà lójú ẹsẹ̀: ìpè wọlé! Ní 2022, ní Delft ní Netherlands, wọ́n fi ipò ránṣẹ́ láàárín dáyámọ́ńdì méjì tí kò ní wáyà láàárín ara wọn, èkẹta ló wà láàárín. Íntánẹ́ẹ̀tì kúáńtọ̀mù, bó bá dé, irú ẹ̀ ló máa jẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, alága ò sì ní gbà.

Bàbá kan níwájú ló béèrè ìkẹyìn: ìgbà wo la máa fi èèyàn ránṣẹ́?

Wọ́n ní oníròyìn kan bi Peres bóyá teleportation á lè gbé ara àti ọkàn èèyàn, ó ní rárá o, ọkàn nìkan. (Ẹ̀rín.) Ìdáhùn tèmi, ìṣirò ni. Átọ́ọ̀mù inú ara èèyàn tó wúwo tó 70 kílò jẹ́ nǹkan bíi 7 tí òdo 27 tẹ̀ lé. Ẹ gbàgbé pé a ní láti kọ́kọ́ pín méjì tó so pọ̀ fún gbogbo wọn, ẹ gbàgbé pé èyí tó wà níbí máa run. Ìpè nìkan ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ jẹ́ ká ṣojú àánú, ká ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ò gbà ju bíìtì méjì lọ. 14 tí òdo 27 tẹ̀ lé nìyẹn. Bí fóònù Àdìó bá lè sọ tírílíọ̀nù kan bíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí 440 mílíọ̀nù ọdún kó tó gbé e sílẹ̀.

Bàbá ní kí n má ṣèyọnu, òun á wọ mọ́tò.